Orí Karùn-ún: Oró Tó Ń Pa Iṣan Lẹ́nu Mọ́

Àlejò dé, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Ó mú ẹran kan, ó nà án sí ọmọ ilé. Ọmọ náà kò gbà á, kò sì kọ̀ ọ́. Ojú ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ìyá kò sọ̀rọ̀, kò mirí, kò húkọ́. Àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ló kàn sún kì díẹ̀, ọmọ sì dáhùn pé, "Ẹ ṣé sà, mo ti yó." Ọmọ tó mojú nìyẹn. Àwọn àgbà kò ṣàdédé wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Iṣan kéékèèké mẹ́ta ló jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá rán sí ọmọ yìí. Ọ̀kan wà lábẹ́ irun òkè ojú ọ̀tún, ọ̀kan wà lábẹ́ ti òsì, àwọn méjèèjì ló sì ń fa irun òkè ojú súnmọ́ ara wọn. Ẹ̀kẹta wà lókè imú, òun ló ń fa àárín wálẹ̀. Bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fi oró kan sí àwọn iṣan wọ̀nyí, ìyá náà lè gbìyànjú àtifajú ro títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọmọ kò ní rí ohun tí yóò kà. Botulinum ni oró náà. Botox ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo.

Nínú gbogbo oró tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tíì wọ̀n, kò sí èyí tó le tó o. Síbẹ̀ òun náà ni dókítà ń lò fún ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nà, fún àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ká lápá kò, fún ẹni tí òógùn kò jẹ́ kó lè bọ ènìyàn lọ́wọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni oró yìí mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń dá iṣẹ́ tí a rán sí iṣan dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tó jẹ́ oògùn àti ìgbà tó jẹ́ májèlé, kó máa béèrè pé: iṣẹ́ wo ló dá dúró, ta ló sì nílò iṣẹ́ náà?

Sọ́séèjì àti àwọn onífèrè òkú

Ìdí ààrò ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Württemberg, ní gúúsù Jámánì, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn èèyàn a jẹ sọ́séèjì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ẹran dì. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò máa rí ohun kan ní méjì. Ìpéǹpéjú wọn á wálẹ̀, ẹnu wọn á gbẹ, ọ̀fun wọn á kọ oúnjẹ, mímí á sì wá di ìjàkadì. Ohun tó bani nínú jẹ́ jù ni pé orí wọn pé pérépéré. Wọ́n mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, ara ni kò dá wọn lóhùn mọ́.

Justinus Kerner, dókítà kan níbẹ̀ tó tún jẹ́ akéwì, kó ìtàn àwọn aláìsàn náà jọ. Ó tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1820 àti 1822, ìwé kejì sì sọ nípa aláìsàn 155. Ó fi oje sọ́séèjì náà dán ẹranko wò, ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ó parí èrò rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí: ó ní bí èèyàn bá lè lo ohun tó ń pani yìí ní ìwọ̀n kín-ún, ó ṣeé ṣe kó tu ẹni tí àìsàn ń mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jó láìsí ìlù lára. Ó tó àádọ́jọ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ dán èrò yẹn wò lára ènìyàn.

Ní oṣù Kejìlá 1895, àgbàlagbà kan kú ní abúlé Ellezelles ní ilẹ̀ Belgium. Wọ́n pe ẹgbẹ́ onífèrè síbi òkú náà, wọ́n sì fún wọn ní itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló jẹ níbẹ̀, mẹ́ta kú. Émile van Ermengem, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Ghent, gba èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹran náà, ó wá a títí ó fi rí kòkòrò àìfojúrí tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ní 1897 ló gbé àwárí rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí sọ́séèjì, botulus, ni orúkọ kòkòrò náà ti wá: Clostridium botulinum.

Kòkòrò tó ń sá fún afẹ́fẹ́

Inú ilẹ̀ ni ilé kòkòrò yìí. Ó wà nínú erùpẹ̀ oko, ó wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí àwa ń mí. Bí ìnira bá dé bá a, á yí ara rẹ̀ padà di hóró líle kan, á sì sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi gbígbóná tó ń hó lórí ààrò kò pa hóró yẹn. Ìgbà tó bá bára rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, tí iyọ̀ tàbí kíkan kò pọ̀, bí inú agolo tí wọn kò sè dáadáa kí wọ́n tó dé e pa, ló máa ń jí, tí á sì máa ṣe oró jáde. Oró náà kò le tó hóró: tí oúnjẹ bá hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oró inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí agolo tó wú ní ọjà, kó má tìtorí ẹ̀dínwó rà á.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ hóró yìí ti kan àwa gan-an. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a ń fi oyin kan ahọ́n ọmọ pé kí ayé rẹ̀ dùn. Hóró kòkòrò yìí lè wà nínú oyin láìba oyin náà jẹ́. Àgbàlagbà tó bá lá a kò ní mọ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò rere tó ti gba inú ìfun rẹ̀ kò ní jẹ́ kí hóró náà rí ilẹ̀ hù. Ìfun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ṣì dà bí oko tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá: ohun tó bá kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀ lè hù. Hóró náà á jí nínú ọmọ, á sì máa ṣe oró jáde níbẹ̀. Ìgbẹ́ ọmọ á kọ́kọ́ le, ẹkún rẹ̀ á rẹlẹ̀, ọmú mímu á di ìṣòro, ọrùn rẹ̀ á sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ní 1976 ni àwọn dókítà ní California kọ́kọ́ dá àìsàn yìí mọ̀ lára àwọn ọmọ ọwọ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àwọn dókítà kò yẹ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin, ì báà jẹ́ oyin ìgàn, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n sè. Àdúrà kò ní tìtorí ìyẹn já sófo. Kí àwọn àgbà wúre sí oyin, kí ìyá àti bàbá lá a lórúkọ ọmọ. Ọmọ á padà wá jẹ tirẹ̀ nígbà tó bá ti pé ọdún kan.

Àrokò tó há sẹ́nu bodè

Láyé àtijọ́, ọba tó ní ọ̀rọ̀ fún ọba míì lè di àrokò: owó ẹyọ mélòó kan, ìyẹ́, okùn, ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Ìránṣẹ́ á gbé e rìn títí dé ẹnu bodè. Bí bodè kò bá ṣí, ìlú kejì kò ní mọ̀ pé ọba ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mira.

Ọpọlọ náà ń di àrokò. Ó ní okùn tín-ín-rín tó fi ń bá iṣan sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní nẹ́ẹ̀fù. Ìpẹ̀kun nẹ́ẹ̀fù kò fara kan iṣan. Àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn. Nínú ìpẹ̀kun yẹn ni àwọn àpò kéékèèké wà, tí wọ́n kún fún èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine. Àrokò náà nìyẹn. Tí àṣẹ bá dé láti ọpọlọ, àwọn àpò á sún mọ́ ògiri nẹ́ẹ̀fù, ìkọ́ tó wà lára àpò àti èyí tó wà lára ògiri á lọ́ mọ́ ara wọn bí ìgbà tí a bá ń ta okùn, ògiri á ṣí, acetylcholine á dà sínú àlàfo, iṣan á sì fà.

Ẹ̀yà méjì ni oró botulinum ní. Ẹ̀yà ńlá mọ ojú ilé nẹ́ẹ̀fù, òun ló ń kan ìlẹ̀kùn títí wọn yóò fi gbà á wọlé. Ẹ̀yà kékeré ni àlùmọ́gàjí. Bó bá ti wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ìkọ́ náà. Oríṣi oró yìí méje ni wọ́n kọ́kọ́ kà, láti A dé G; oríṣi A tó wà nínú Botox ń gé ìkọ́ kan tó ń jẹ́ SNAP-25, oríṣi B sì ń gé òmíràn. Àrokò ti dì, ìránṣẹ́ ti dé ẹnu bodè, okùn tí wọn ì bá fi ṣí bodè ti já. Iṣan kò kú, kò rà. Ó jókòó, ó ń dúró de àṣẹ. Ní 1949, Arnold Burgen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ló fi hàn pé acetylcholine yìí ni oró náà ń dá dúró.

Nítorí náà ni abẹ́rẹ́ yìí kì í fi í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ mélòó kan kí àlùmọ́gàjí tó gé ìkọ́ tó pọ̀ tó, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn tán. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í pẹ́ títí. Nẹ́ẹ̀fù á yọ ẹ̀ka tuntun, á hun ìkọ́ mìíràn, àrokò á sì tún máa kọjá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ohun ìjà tó di oògùn ojú

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń wo oró yìí bí ohun ìjà. Ní ibùdó ìwádìí wọn ní Maryland ni wọ́n ti yọ oríṣi A jáde ní mímọ́ ní 1946. Edward Schantz wà lára àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, dókítà ojú kan ní San Francisco, Alan Scott, kọ̀wé béèrè oró lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí ojú wọn kò dọ́gba ni Scott ń tọ́jú: ojú kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀gbẹ́. Iṣan kan ló ń fa ẹyin ojú náà ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Scott rò ó pé bí òun bá lè mú agbára iṣan tó ń fà jù náà rọ̀, ojú lè padà sí àárín láìsí ọ̀bẹ. Ó dán an wò lára ọ̀bọ, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1973. Ní 1980, ó tẹ ti ènìyàn jáde. Ní oṣù Kejìlá 1989, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ojú tí kò dọ́gba àti fún ìpéǹpéjú tó ń ṣẹ́ tí kò ní gba ẹni tó ni í láàyè láti ríran.

Ẹnu aláìsàn ni ìlò rẹ̀ fún oge ti jáde. Ní Vancouver, ní Kánádà, Jean Carruthers jẹ́ dókítà ojú, ọkọ rẹ̀ Alastair sì jẹ́ dókítà awọ ara. Ní 1987, obìnrin kan tí Jean ń fún ní abẹ́rẹ́ yìí nítorí ìpéǹpéjú rẹ̀ bínú pé wọn kò gún òun láàárín ojú lọ́jọ́ náà. Dókítà ní ibẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Obìnrin náà fèsì pé ìgbà tí wọ́n bá gún ibẹ̀ ni ojú òun máa ń balẹ̀ bí ojú ẹni tí kò ní ìṣòro. Jean gbé ọ̀rọ̀ náà délé fún ọkọ rẹ̀, ẹni tí àwọn èèyàn ń wá bá lójoojúmọ́ nítorí ìlà àárín ojú. Ní 1992, tọkọtìyàwó yìí gbé ìwádìí wọn jáde. Ní 2002, FDA fọwọ́ sí i fún ìlà náà.

Àwọn tó ń tù lára

Ariwo oge ti bo iṣẹ́ ìwòsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà, ìka rẹ̀ di mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí èékánná fi ń gún un. Ọpọlọ tó fara pa kò lè dẹ́kun àṣẹ "fà" mọ́. Iṣan ń gbọ́ àṣẹ kan náà tọ̀sán-tòru. Abẹ́rẹ́ yìí á pa àṣẹ náà lẹ́nu mọ́ fún oṣù mélòó kan. Kò ní dá agbára apá padà, ṣùgbọ́n ìyàwó tàbí ọmọ á lè ṣí ọwọ́ náà fọ̀, á lè ki apá bọ ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nínú oyún tàbí nígbà ìbí, tó ń fi orí ìka rìn nítorí pé iṣan ẹ̀yìn ojúgun fà ju bó ti yẹ. Àsìkò tí iṣan bá rọ̀ ni ẹni tó ń fún ọmọ náà ní eré ìdárayá ìwòsàn gbọ́dọ̀ lò. Abẹ́rẹ́ láìsí eré ìdárayá dà bí ilẹ̀ tí a ro tí a kò gbin nǹkan sí.

Acetylcholine kan náà ló ń pàṣẹ fún ibi tí òógùn àti itọ́ ti ń wá, àti fún àpò ìtọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gún un sí abíyá ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń rin gbingbin lábẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ, sí ibi tí itọ́ ti ń sun lára ẹni tí kò lè gbé e mì, àti sára ògiri àpò ìtọ̀ tó ń fún ara rẹ̀ láìtọ́ àkókò. Fún ẹ̀fọ́rí túúlu, FDA fọwọ́ sí i ní 2010: yúnìtì 155, tí wọ́n pín sí ojú ibi 31 ní orí, ọrùn àti èjìká, ní ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá. Ti ẹni tí orí ń fọ́ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù ni èyí. Ẹni tí orí ń fọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò nílò rẹ̀.

Ojú tí kò fọhùn

Kí ni abẹ́rẹ́ yìí lè ṣe fún ẹwà? Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ fajú ro, kí ẹ sì tú u ká. Ìlà tó hàn nígbà tí ẹ fajú ro tó sì pòórá nígbà tí ẹ tú u ká, iṣan ló fà á. Òun ni abẹ́rẹ́ yìí lè mú kúrò. Ìlà tí kì í pòórá mọ́, awọ tó ti rọ̀ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn, àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ dúdú wa náà tún ní èrè tirẹ̀: èròjà tó mú un dúdú ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, nítorí náà ara aláwọ̀ dúdú kì í tètè hunjọ bíi ti aláwọ̀ funfun. Ẹni tó ń bó ara ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya agboòrùn tí a bí mọ́ ọn, kó tó wá lọ ra abẹ́rẹ́.

Fún ìlà àárín ojú, yúnìtì 20 ti Botox, ní ojú ibi márùn-ún, ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lò. Mo kọ orúkọ ọjà síbẹ̀ nítorí pé yúnìtì Botox kì í ṣe yúnìtì Dysport, orúkọ ọjà mìíràn fún oró yìí. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wọn èkejì ti ṣìwọ̀n. Eku ni wọ́n fi dá òṣùwọ̀n náà sílẹ̀: yúnìtì kan ni ìwọ̀n tó lè pa ìdajì àwọn eku tí wọ́n bá fún. Oró gan-an tó wà nínú ìgò yúnìtì 100 kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù kan.

Àmọ́ ojú kì í ṣe abíyá. Òógùn kò ní ohun tó ń sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú ní. Ní 2011, David Neal àti Tanya Chartrand fi àwọn tó gba Botox wé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tó ń kún awọ nìkan. Wọ́n ní kí wọ́n wo àwòrán ojú, kí wọ́n sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni inú rẹ̀. Àwọn tó gba Botox ṣì í díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé nígbà tí a bá ń wo ojú ẹlòmíràn, iṣan ojú tiwa náà ń ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀nà kan sì nìyẹn tí a fi ń mọ ohun tó ń dùn ún. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ìwádìí kan kò sì tó gbé ilé lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú kọ́ ọmọ lè rò ó wò kó tó wọlé dókítà.

Ọwọ́ tó mú abẹ́rẹ́

Lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ewu abẹ́rẹ́ yìí kéré: ara lè wú díẹ̀ níbi tí wọ́n gún, orí lè fọ́, ìpéǹpéjú kan lè wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí pé oró ṣí díẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí èèyàn má fọwọ́ ra ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ewu tó tóbi ni kí oró náà rìn dé ọ̀fun àti àyà. Ní 2009, FDA pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí gàdàgbà sára oògùn náà: ẹni tí gbígbé oúnjẹ mì, ọ̀rọ̀ sísọ tàbí mímí bá ṣòro fún lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá.

Ní 2004, èèyàn mẹ́rin ní Florida gba abẹ́rẹ́ oró tí wọ́n ṣe fún ìwádìí nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí fún ènìyàn. Dókítà tó gún wọn wà lára wọn. Ẹ̀rọ ló bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mí ní ilé ìwòsàn. Ní 2023, àwọn kan fò lọ sí Tọ́kì kí wọ́n lè gún oró yìí sí wọn nínú ikùn kí wọ́n bàa lè fọn. Àwọn kan padà sí Jámánì pẹ̀lú àìsàn tí Kerner kọ sílẹ̀ ní 1820. Ní 2024, àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà rí obìnrin 22 ní ìpínlẹ̀ 11 tí ara wọn bàjẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí wọ́n gbà níbi tí kò yẹ. Ní England, òfin ti kà á léèwọ̀ láti oṣù Kẹwàá 2021 pé kí ẹnikẹ́ni gún un fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nítorí ẹwà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gún un pé dókítà ni àbí ta ni. Kó ní kí wọ́n ṣí ìgò náà lójú òun, kó wo orúkọ, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ẹni tó ní àìsàn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára, kí wọ́n sọ ọ́ síta. Kí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ jẹntamísìn náà sọ ọ́, nítorí pé oògùn yẹn lè fi kún agbára oró yìí. Bí ṣọ́ọ̀bù onírun bá ń gún un ní ìdajì owó, ohun tó wà nínú ìgò ni kí a bẹ̀rù.

Oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn náà, nẹ́ẹ̀fù á ti hun ìkọ́ tuntun, bodè á ṣí. Ní ilé bàbá tí apá rẹ̀ ká kò, ìka á tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí àtẹ́lẹwọ́, ìyàwó á sì máa ka ọjọ́ tí wọn yóò tún padà sọ́dọ̀ dókítà. Ní ilé kejì, àlejò á na ẹran sí ọmọ, ọmọ á wo ojú ìyá rẹ̀, yóò sì tún rí ohun tí yóò kà.